Sienna àbí Odyssey tòkunbọ̀: gíá ọdún wo lẹ fẹ́ rà?

Ẹni tó bá ń wá mínífáànù tòkunbọ̀ ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Kútọnu, orúkọ méjì ni yóò máa gbọ́ ṣáá: Toyota Sienna àti Honda Odyssey. Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń wá, ènìyàn méje tàbí mẹ́jọ ni wọ́n ń gbà, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ló sì sábà máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn. Àwọn kan á ní Toyota kì í kú. Àwọn mìíràn á ní Honda ló mọ eré sá jù. Àríyànjiyàn yẹn kò ran ẹni tó fẹ́ san owó lọ́wọ́, torí pé gíá Odyssey 2003 àti ti Odyssey 2006 kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì Sienna 2005 àti ti 2008. Ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yan ọkọ̀, kí ẹ tó fi orúkọ yàn án.

Gíá ọ́tò, ẹ́ńjìnnì àti ṣáàfù (ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀) la ó gbé yẹ̀ wò níbí. Ilẹ̀kùn tí kò ṣí dáadáa tàbí AC tí kò tutù ṣeé fara dà títí owó yóò fi dé. Gíá tó kú ló ń sọ ọkọ̀ di ilé adìẹ lẹ́yìnkùlé.

Ẹ mọ ọdún rẹ̀ kí ẹ tó bèèrè iye rẹ̀

Ẹ má gba ọdún tí ẹni tó ń tà á bá fẹnu pè. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Ẹ ka ìkẹwàá láti apá òsì. X dúró fún 1999, Y fún 2000. 1 sí 9 dúró fún 2001 sí 2009. A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013, E ni 2014. Ọdún yìí náà lẹ ó máa fi ra páàtì, kì í ṣe ọdún tó wà lórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù.

Máìlì ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà: 150,000 máìlì jẹ́ nǹkan bíi 240,000 kìlómítà. Bí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń sọ pé 70,000 máìlì, àmọ́ tí rọ́bà pẹ́dáàlì bíréèkì ti jẹ dé irin, tí awọ sítíárì sì ti ń dán bí àwo tánńganran, ẹnìkan ti dá máìlì yẹn padà.

| | Toyota Sienna | Honda Odyssey |
|---|---|---|
| Àwọn tó dàgbà jù | 1998–2003: ẹ́ńjìnnì lítà 3.0, gíá onípele mẹ́rin | 1999–2004: ẹ́ńjìnnì 3.5, gíá onípele mẹ́rin. Láti 2002, onípele márùn-ún |
| Àwọn tó pọ̀ jù lójú títì | 2004–2006: 3.3, bẹ́líìtì táímìn; 2007–2010: 3.5, ṣéènì. Gíá onípele márùn-ún ni gbogbo wọn | 2005–2010: 3.5, bẹ́líìtì táímìn, gíá onípele márùn-ún |
| Àwọn tuntun díẹ̀ | 2011–2016: 3.5 (2.7 náà wà ní 2011 àti 2012), gíá onípele mẹ́fà, 2017–2020: onípele mẹ́jọ | 2011–2017: 3.5, onípele márùn-ún tàbí mẹ́fà. Láti 2014, mẹ́fà ni gbogbo wọn |

Odyssey 1999 sí 2004: ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀

Inú gíá ọ́tò Honda ìgbà yẹn kò rí bíi ti Toyota. Ti Toyota ní kẹ̀kẹ́ eléyín kéékèèké tó ń yí po èyí tó wà láàárín. Ti Honda ní ọ̀pá tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bíi gíá mánúwà, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ tí agbára ọ́ìlì ń tì pa. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ dáadáa lára ọkọ̀ kékeré. Lára Odyssey tó wúwo, tó sì ní ẹ́ńjìnnì 3.5, kò gbà á.

Ní ti 1999 sí 2001, kílọ́ọ̀ṣì inú gíá a máa tètè jẹ. Ìyẹ̀fun tó bá ń bọ́ lára rẹ̀ á wọnú ọ́ìlì, á lọ dí àwọn ihò tóóró àti àwọn solenoid (fáàfù kéékèèké tí iná mànàmáná ń ṣí). Nígbà tí ihò bá dí, agbára ọ́ìlì á lọ sílẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì kò ní mú dáadáa, á máa yọ̀, á sì túbọ̀ máa jẹ. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í dúró. Honda fúnra rẹ̀ fa ìdánilójú (warranty) gíá àwọn ọdún yìí gùn dé ọdún méje tàbí 100,000 máìlì.

Gíá onípele márùn-ún tó dé ní 2002 ní ìṣòro tirẹ̀: ọ́ìlì kì í dé ara kẹ̀kẹ́ eléyín ìpele kejì tó. Á gbóná, eyín rẹ̀ á di ẹlẹgẹ́, ó sì lè kán. Bó bá kán lórí eré, gíá lè há lójijì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2004, Honda pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà nítorí èyí, Odyssey 2002 sí 2004 sì wà nínú wọn. Èyí tí kò tíì rìn kọjá 15,000 máìlì, wọ́n fi ọ̀nà ọ́ìlì tuntun sí i kí ọ́ìlì lè máa ta sí ìpele kejì. Èyí tó ti rìn jù bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ yẹ eyín náà wò. Bí ooru bá ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà, wọ́n pààrọ̀ gíá lódindi. Bí kò bá yí padà, wọ́n fi ọ̀nà ọ́ìlì náà sí i.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí burú fún ẹni tó ń rà á lónìí ni pé gíá tòkunbọ̀ tí ẹ máa lọ rà ní Ládípọ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀, irú rẹ̀ náà ni. Ọjọ́ orí kan náà, àléébù kan náà. Gíá 2005 kò sì kàn ṣeé gbé sí i, torí wáyà àti brain box rẹ̀ (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) yàtọ̀. Ìdí nìyí tí Odyssey ọdún wọ̀nyí fi máa ń pọ́ọ́kú lọ́jà, bó ti wù kí ara rẹ̀ mọ́ tó.

Sienna tó bá a dọ́gba lọ́jọ́ orí, 1998 sí 2003, gíá onípele mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ akíkanjú. Ẹ́ńjìnnì 3.0 ni kí ẹ ṣọ́. Bí wọn ò bá tètè pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ọ́ìlì náà á di ẹrẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, á dí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà gun òkè. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ fi iná fóònù wo inú rẹ̀. Bó bá dúdú bíi kólútà tó gbẹ mọ́ irin, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

2004 sí 2010: ibi tí yíyàn wà gan-an

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Sienna. Gíá onípele márùn-ún rẹ̀ kì í sábà kú lójijì. Á kọ́kọ́ fi àmì hàn: á máa pẹ́ kó tó mú nígbà tí ẹ bá fi sí D láàárọ̀, á máa ta láti ìpele kan sí èkejì, tàbí kí ẹ́ńjìnnì pariwo kí ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ́ìlì tó ti gbó tàbí tó ti lọ sílẹ̀ ló fà á, tàbí solenoid kan. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ ní àkókò láti tún un ṣe.

Ẹ́ńjìnnì ni ìyàtọ̀ wà. 2004 sí 2006 ń lo bẹ́líìtì táímìn, èyí tó ń mú kí fáàfù ẹ́ńjìnnì ṣí lásìkò, tí Toyota ní kí wọ́n pààrọ̀ ní 90,000 máìlì. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ní ìwé ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí pé wọn ò tíì pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ yọ owó bẹ́líìtì, bẹ́ríìn rẹ̀ àti wọ́tà pọ́ǹpù kúrò nínú iye tí ẹ máa san. 2007 sí 2010 ń lo ṣéènì, kò sí pé à ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ìgbà kan pàtó. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun kan wà tó ń pa ẹ́ńjìnnì yìí tí ojú kì í tètè rí. Páìpù kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, níhà ibi tí fáànù bẹ́líìtì wà, tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí VVT-i, ètò tó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà. Rọ́bà wà láàárín páìpù náà. Rọ́bà yẹn a máa gbó, a sì máa bẹ́ lójijì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á sì dà sílẹ̀ tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Awakọ̀ tí kò bá tètè rí iná pupa ọ́ìlì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù á nọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì sójú títì. Toyota ti ṣe èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀. Ẹ tan iná síbẹ̀ kí ẹ wò ó: bí ẹ bá rí rọ́bà, owó páìpù onírin ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ná lórí ọkọ̀ náà, kí ẹ tó wakọ̀ kúrò nílùú.

Ohun kejì tó ń ṣe 3.5 yìí níbi: ọ́ìlì rẹ̀ pẹ̀lú fílítà jẹ́ lítà 6.1. Kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin ni wọ́n ń tà, àwọn mẹkáníìkì kan á sì da kẹ́ẹ̀gì kan sí i, wọ́n á dé e. Ọkọ̀ náà á máa rìn, àmọ́ kò ní pẹ́.

Sienna tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà wà, AWD ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pá gígùn kan máa ń lọ sẹ́yìn lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àpótí gíá kékeré lára gíá ńlá. Ó máa ń jo, bẹ́ríìn ọ̀pá náà máa ń ké, ó sì ń mu epo jù. Lójú títì wa, kò sí iṣẹ́ tó ń bá yín ṣe. Ẹ ra èyí tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú nìkan fà.

Odyssey 2005 sí 2010 wá ńkọ́? Gíá rẹ̀ ti sàn gan-an ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, kò yẹ kí ẹ fi ẹ̀ṣẹ̀ 2003 jẹ ẹ́ níyà. Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù lára rẹ̀ ni gbígbọ̀n torque converter, ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọnú gíá. Ẹ ó mọ̀ ọ́n báyìí: ọkọ̀ ń lọ wẹ́rẹ́ ní bíi 50 sí 80 kìlómítà láàárín wákàtí, ẹ fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹlérétọ̀ díẹ̀, gbogbo ara ọkọ̀ á gbọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì bíi pé ẹ gun orí àwọn òkè wẹ́wẹ́ ojú títì, á sì dákẹ́. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pípààrọ̀ ọ́ìlì gíá lẹ́ẹ̀mẹta léraléra lè mú un lọ. Bó bá ti pẹ́, torque converter náà ti ń jẹ, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì ti ń wọnú gíá.

Bí gíá Odyssey yìí bá ń ta láti ìpele kejì sí ìkẹta, ẹ má tíì gbà fún ẹni tó ní kí ẹ ra gíá mìíràn. Ṣúwíìṣì kéékèèké méjì wà lára rẹ̀ níta, tó ń wọn agbára ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì ìkẹta àti ìkẹrin. Wọ́n máa ń bàjẹ́, owó wọn kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó gíá. Ẹ pààrọ̀ wọn àti ọ́ìlì kí ẹ tó ronú ohun mìíràn.

Ohun tó yẹ kó pinnu irú Odyssey tí ẹ máa rà láàárín ọdún wọ̀nyí ni VCM, ètò tó ń pa àwọn sílíńdà kan nígbà tí ọkọ̀ kò bá wúwo lẹ́sẹ̀ kí epo má baà lọ jù. Nínú àwọn ẹ̀yà Odyssey, EX-L àti Touring ló ní i. LX àti EX onídàmásíìkì (ìjókòó aṣọ, kì í ṣe awọ) kò ní i. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ ọ́n: iná kékeré kan tí wọ́n kọ ECO sí máa ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tó bá ń sáré wẹ́rẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó ní VCM máa ń mu ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àwọn sílíńdà tó ń pa máa ń dúdú, síìtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń gbá gbígbọ̀n mọ́ra sì wọ́n ju síìtì lásán lọ. Èyí tí wọ́n ń tà níye owó tó pọ̀ torí awọ ìjókòó rẹ̀ ló ní wàhálà tó pọ̀ jù. Ẹ wá EX onídàmásíìkì.

Bẹ́líìtì táímìn wà lára gbogbo Odyssey: 105,000 máìlì tàbí ọdún méje, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Bó bá já, písítìnì á lu fáàfù, fáàfù á tẹ̀, ẹ́ńjìnnì lẹ ó tú. Ọkọ̀ 2008 tí wọn ò pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ rí ti jẹ gbèsè, ìbáà jẹ́ 60,000 máìlì ló rìn.

2011 lọ sókè

Gíá onípele mẹ́fà Sienna 2011 kò ní géèjì, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì. Ọ̀nà kan ṣoṣo láti wọn ọ́ìlì rẹ̀ ni kí ọkọ̀ dúró gbọọrọ lórí jáàkì, kí ooru ọ́ìlì wà láàárín 40 sí 45 lórí ìwọ̀n Celsius, kí wọ́n ṣí nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀ kí èyí tó pọ̀ jù jò dànù. Mẹkáníìkì tí kò ní síkánà tó ń ka ooru gíá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ́ìlì rẹ̀ ni Toyota WS. Ẹ yẹra fún ẹ́ńjìnnì 2.7 onísílíńdà mẹ́rin bí ẹ bá fẹ́ máa kó ẹrù. Ó máa ń ké gbàjarè lórí òkè.

Gbogbo Odyssey 2011 sí 2017 ló ní VCM, gbígbọ̀n torque converter sì bá àwọn ọdún àkọ́kọ́ wọn lọ. Bí síkánà bá ka kóòdù P0301 títí dé P0304 (sílíńdà kò jó epo dáadáa) lára Odyssey 2008 sí 2013 tó ní VCM, kì í ṣe púlọ́ọ̀gì lásán ló ń bẹ níbẹ̀: ríìngì písítìnì ń jẹ́ kí ọ́ìlì gòkè. Honda fa ìdánilójú gùn dé ọdún mẹ́jọ lórí èyí ní Amẹ́ríkà, àkókò yẹn sì ti kọjá.

Bí wọ́n bá fi Dodge Grand Caravan lọ̀ yín nítorí owó rẹ̀ kéré, ohun kan ni kí ẹ rántí: ọ́ìlì ATF+4 nìkan ni gíá onípele mẹ́rin rẹ̀ ń gbà. Ọ́ìlì mìíràn máa ń bà á jẹ́. Bí brain box rẹ̀ bá sì fura sí nǹkan, á ti gíá mọ́ ìpele kejì, ọkọ̀ kò ní sáré mọ́.

Géèjì: Toyota tan iná, Honda pa á

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Sienna 2004 sí 2010: ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ fi gíá dé gbogbo ìpele láti P títí dé L, ẹ dá a padà sí P, kí ẹ yọ géèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Odyssey: ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wò ó láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Bí ẹ bá wo Honda nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rò pé ọ́ìlì kò tó, ẹ ó sì da èyí tó pọ̀ jù sí i.

Ẹ nu géèjì sára tíṣù funfun. Pupa fẹ́rẹ́fẹ́ dára. Àwọ̀ tíì tó ki ti gbó, ó ṣeé gbà. Dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, kílọ́ọ̀ṣì ti jóná. Bó bá rí bíi wàrà tí wọ́n da sóbò sí, omi rẹdíétọ̀ ti wọnú gíá, ẹ má rà á rárá. Bí ọ́ìlì bá pupa yòò bíi tuntun nínú ọkọ̀ tó ti rìn 160,000 máìlì, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló dé tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Wíwà á wò

Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ bá dé. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti jí i kí ẹ tó dé. Ẹ ní ẹ ó padà wá lọ́la. Nígbà tó bá tutù, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi sí D: kò yẹ kó pẹ́ kọjá ìṣẹ́jú àáyá 1.2 kó tó mú lára Toyota. R kò yẹ kó kọjá 1.5. Honda náà kò gbọdọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Kí ẹnì kan dúró síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí, ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa yí láti D sí R pẹ̀lú bíréèkì lẹ́sẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fò sókè, síìtì rẹ̀ ti lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ra gíá nígbà tó jẹ́ pé síìtì ẹ́ńjìnnì ló ń ta.

Lẹ́yìn náà ẹ wà á fún bíi ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, kí súnkẹrẹ fàkẹrẹ wà nínú rẹ̀, torí gíá tó ń ṣàìsàn máa ń ṣe dáadáa nígbà tó bá tutù. Ẹ wá òkè kan kí ẹ fi R gùn ún. Ẹ yí sítíárì dé òpin kí ẹ rọra lọ. Bó bá ń ta kà-kà-kà, jọ́ìntì ìta ṣáàfù ni. Bó bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá ń fún un lẹ́sẹ̀, tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ bá yọ ẹsẹ̀, jọ́ìntì inú ṣáàfù ni. Ṣáàfù kò wọ́n, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Ẹ lo síkánà ní ìparí. P0740 ń tọ́ka sí torque converter, P0730 ń sọ pé gíá ń yọ̀. Ẹ sì wo apá tí wọ́n ń pè ní readiness, tó ń sọ bóyá brain box ti yẹ ọkọ̀ wò tán: bí gbogbo rẹ̀ bá sọ pé kò tíì ṣetán, ẹnìkan ti nu àwọn kóòdù náà kúrò láìpẹ́.

Èwo ni tiyín?

Ẹni tó fẹ́ fi kó èrò láti Ìbàdàn lọ Èkó lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹrù lórí, Sienna 2007 sí 2010 ẹlẹ́sẹ̀ iwájú ni, pẹ̀lú páìpù VVT-i onírin. Ẹbí tó ń lọ sí iṣẹ́, ilé ìwé àti ilé ìjọsìn lè ra Odyssey EX 2005 sí 2010 tí kò ní iná ECO, bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá ní ìwé. Ó máa ń wá ní owó tó dín, ó sì rọrùn láti darí. Bí owó kò bá tó, Sienna 2005 tí wọ́n tọ́jú sàn ju Odyssey 2003 tó ń dán lọ. Odyssey 2011 sókè, ẹ jẹ́ kó wà fún ẹni tó ní mẹkáníìkì tó mọ VCM dunjú.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì gíá. Kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀ kó dà fúnra rẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ inú gíá tó ti dàgbà, torí ìdọ̀tí tó bá ṣí lè lọ dí solenoid. Ti Honda á dà bíi lítà mẹ́ta, ti Sienna onípele márùn-ún bíi mẹ́ta àti ààbọ̀, èyí kò sì tó ìdajì ohun tó wà nínú wọn. Nítorí náà ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ máa wà á fún ọjọ́ díẹ̀ láàárín wọn. Honda DW-1 ni kí ẹ fi sí Odyssey, òun ló rọ́pò Z1 àtijọ́. Ti Sienna tó ní géèjì, wọ́n kọ irú ọ́ìlì rẹ̀ sára géèjì náà. Ẹ kà á, ẹ má bi ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀tì ọ́ìlì gíá Honda ní mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́nu: ẹrẹ̀ eérú díẹ̀ lára rẹ̀ kò burú, àmọ́ bí ẹ bá rí ègé irin tí ọwọ́ lè mú, ẹ má tíì da ọ́ìlì tuntun sí i. Ẹ gbé ègé náà dání, kí ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín ní ọjọ́ yẹn gan-an.